Fóònù Tó Bá Ìrẹsì Lọ sí Waterside

Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Tìjání,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé ní Vai Town ní Monrovia, mo kí iṣẹ́ rẹ ní èbúté Bushrod Island, mo sì kí ọ̀gá rẹ bí kò bá jágbe mọ́ ọ mọ́. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ogun gbé èmi àti bàbá rẹ lọ ní ìlú onílùú yìí kò ní jẹ́ kí ohun búburú kàn ọ́. Ara mi le. Mo tún un sọ nítorí ọ̀rọ̀ tí o rán Flomo onítakisí sí mi lánàá: mi ò kú, mi ò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni ò sì jí mi gbé. Ìrẹsì ni mò ń kó.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn obìnrin kúù, àwa mọ́kànlá tá a jọ ń ṣe ọ̀wẹ̀ láti oko ẹnì kan dé oko ẹnì kejì, wá bá mi kó èyí tó kù lóko. Ìrẹsì ti gbó, ó ń dán bí idẹ, òjò ń halẹ̀, ẹyẹ ẹ̀gà ò sì jẹ́ ká gbádùn, la bá ń fi ọ̀bẹ kékeré gé orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo so fóònù tí o rà fún mi mọ́ ìró kí n lè gbọ́ bí o bá pè. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ bu omi mu létí odò ló ti já bọ́. Kí n tó yọ ọ́, ó ti mumi yó, ojú rẹ̀ ti ṣú.

Ma Kebbeh, olórí kúù wa, ní kí n má sunkún, ó ní ọmọ òun ní Monrovia sọ pé inú ìrẹsì ni wọ́n ń fi fóònù tó bá rẹ sí. Mo ní ó yé mi, bí a ṣe ń daṣọ bo ẹni tí ibà ń ṣe kó lè làágùn ni. Mi ò fẹ́ fi ìtọ́jú rẹ̀ ṣeré, mo gbé e sí àárín gbùngbùn àpò ìrẹsì tá a ti kọ́kọ́ kó, tó ti gbẹ, mo da ìrẹsì bò ó, mo sì rán ẹnu àpò pa. Obìnrin inú fóònù yẹn ló ṣe mí láàánú jù, ẹni tó máa ń fi òyìnbó sọ fún mi pé o ò sí nítòsí. Ooru inú àpò yẹn ò kéré. Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá náà ṣì wà nínú rẹ̀, mo gbàdúrà kó má jẹrà.

Lọ́jọ́ kejì, oko ni mo wà nígbà tí Flomo wá kó àwọn àpò tí mo tà fún Bùràímọ̀, ọmọ Ìwó tó ń ta ìrẹsì lọ́jà Waterside ní Monrovia. Ma Kebbeh ló bá mi kó wọn sọ́kọ̀, kò mọ̀ pé aláìsàn wà nínú ọ̀kan. Nígbà tí mo dé, mi ò rí àpò, mi ò rí fóònù.

Bùràímọ̀ sọ fún Flomo pé lọ́jọ́ kẹta ni àpò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Àwọn alábàárù méjì ju ẹrù sílẹ̀, wọ́n sá gba apá odò lọ. Ó ní òun ṣe bísímílà, òun tú àpò, òun gbé fóònù sétí, ohùn rẹ ló sì ń pariwo pé Màmá dà. Ó ní ẹ̀rù ò jẹ́ kí òun ronú, ohun tó bọ́ lẹ́nu òun ni pé òun ò mọ màmá kankan, ìrẹsì lòun rà, òun ò ra ènìyàn. Kó tó ṣàlàyé, iná inú fóònù tán. Má bínú sí i, ọmọ mi. Òótọ́ ló sọ.

Flomo ní o bọ́ bàtà sọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà èbúté, o ń sáré, o ń sunkún, títí o fi rí òun ní ibùdókọ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, inú mi tún dùn díẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí o ò ti wálé, mo máa ń bi ara mi pé bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Mo ti mọ̀ báyìí.

Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ tún mú fọ́ọ̀mù wá, ó ń kọ iye ìrẹsì tí oníkálukú kó, nítorí irúgbìn tí wọ́n fẹ́ pín. Ó ní ta ni olórí ilé, mo ní Tìjání ni. Ó ní ṣé ó wà nílé, mo ní ó wà, ó wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi ọsàn, níbi tá a sin ín sí. Ó ní òkú ò lè jẹ́ olórí ilé. Mo bi í pé ta ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń wà fún àwọn ọmọ ogun nígbà ogun, tó lọ tọrọ ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn àgbà, tó ṣán an, tó hú kùkùté rẹ̀? Ó bẹ̀ mí títí kó tó kọ orúkọ tèmi, mo sì ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo kàn ń bá Tìjání dì í mú ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n tẹ ìka sórí gíláàsì kan. Mo fọwọ́, mo fi epo pa á kó lè jọlọ̀, síbẹ̀ gíláàsì náà lóun ò rí ìka kankan. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ ìrẹsì ti pa ìlà ìka mi rẹ́. Mo ní kó lọ wò ó nínú oko, ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí.

A ti kó gbogbo oko tán, àfi apá kékeré kan lẹ́bàá ọ̀gán, èyí tí bàbá rẹ máa ń dá sí fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré, tó máa ń ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ̀bẹ kàn án àfi Àbẹ̀kẹ́. Àwọn kúù fẹ́ gé e, mo ní rárá. Ma Kebbeh ní ẹyẹ máa jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tì í láti àárọ̀, tí mò ń lu páànù, tí mo sì ń kọ lẹ́tà yìí lórí eékún. Ibi tí o bá ti rí i pé ọwọ́ mi fò, ẹyẹ ló dé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mo nílò owó ọkọ̀ láti Monrovia dé ibí. Má fi ránṣẹ́ o. Mú un lọ́wọ́ ara rẹ, wọ takisí Flomo láàárọ̀ Sátidé, bí o bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wa, san án fún un.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ohun tí o bá gbìn, ìwọ náà ni wàá kó o, ara rẹ á sì le láti jẹ ẹ́. Bí o bá dé tí o ò bá mi nílé, dúró lójú ọ̀nà níbẹ̀, kígbe pè mí. Màá gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjíkẹ́