Sí Akínbọ́lá, Alárinà Àwọn Ẹ̀rọ

Ìyìn-Èkìtì,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Akínbọ́lá ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tí kì í tòògbé kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ní ìlú onílùú, iná mànàmáná kò ní gbé ọ níbi tí o ti ń ki okùn bọ ẹ̀rọ, àwọn ẹ̀rọ tí o ń bá ṣiṣẹ́ kò sì ní di ọ̀tá rẹ. Àmín. Ilé wà bí ilé ṣe ń wà. Àgbàdo yọ ọmọ díẹ̀, ewúrẹ́ mi bí ìbejì ṣùgbọ́n ọ̀kan kú, òrùlé yàrá tí o máa ń sùn sí ti ń jò, mo gbé bàsíà síbẹ̀. Èmi náà wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí mo ń fi ìwàláàyè náà ṣe mọ́.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá mi ń kọ̀wé bí ará àtijọ́, nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́, bàbá rẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rọ̀ wọn ni mo sì fẹ́ sọ, mi ò lè máa sọ ọ́ létí wọn bí ẹni ń ṣòfófó. Mo ti sọ díẹ̀ níbẹ̀ sínú Wasáàpù, mo sọ ọ́ tẹkúntẹkún, ohun tí o sì fi dá mi lóhùn ni àtàǹpàkò kan ṣoṣo. Mo wò ó títí. Akínbọ́lá, ṣé torí kí o lè máa tẹ̀ka bí àwọn bàbá tí kò mọ̀wé ni èmi àti bàbá rẹ ṣe rán ọ lọ sí yunifásítì? Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló tán níbẹ̀, sọ fún mi, ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí.

Iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti dẹ́kun àtimáa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní ìjọ, torí nígbà tí mo ní o ń kọ̀wé fún dírẹ́bà inú kọ̀ǹpútà, ìyá kan bi mí pé ibo ni dírẹ́bà náà ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n èmi mọ iṣẹ́ náà. O ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà Kérésì, tí o gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé iṣẹ́ yín wálé, tí o gbé e ka orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, tí o fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun kò mọ ohun tó wọlé tọ òun wá yìí. Mo ní ṣé wọ́n kàn ń wo ara wọn lásán ni? O ní bẹ́ẹ̀ ni. O ní kọ̀ǹpútà kì í gba àlejò tí kò sẹ́ni tó mú un wá, pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ àlejò náà ti kọ èdè rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ tìrẹ ni láti kọ àwọn àṣẹ tí yóò gbé èdè náà wọlé létòlétò, kí ẹni tó ra ẹ̀rọ má baà ṣe wàhálà. O ní àṣẹ náà yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ àlejò, ilé tí wọ́n ti bí i àti iṣẹ́ tó lè ṣe. Yóò wò ó bóyá ògbólógbòó kan ti wà nílé, yóò kó o kúrò kí tuntun tó wọlé. Yóò bi onílé bóyá ó gbà. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà yóò sùn, yóò jí, bó bá sì ti jí, ó ti mọ àlejò rẹ̀ nìyẹn. Mo ní alárinà ni ọ́ nígbà náà. Ẹ̀rín pa ọ́, bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní alárinà tí kò ní rí ẹran ìyàwó jẹ ni.

Bàbá rẹ tó rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà kò sí mọ́. Wọn kò kú o. Wọ́n wà níwájú ilé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ń lé adìẹ kúrò lórí àgbàdo tí mo sá. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ mí mọ́, Akínbọ́lá.

Orúkọ nǹkan ló kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n á ní kí n gbé nǹkan tí wọ́n fi ń gé nǹkan wá, èmi náà á gbé àdá wá, ọ̀rọ̀ á parí. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n dìde díẹ̀ lórí àga bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, wọ́n ní ẹ ṣé o, ìyá, ta ló rán yín sí mi. Mo rò pé eré ni, o kúkú mọ̀ wọ́n sí aláwàdà, mo ní ìyá ọkọ mi ló rán mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ìyá ọkọ mi tó ti kú kí o tó wọ ilé ìwé. Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo dá a padà.

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ń pè mí ní ẹ̀yin. Wọ́n ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ń dìde kí n lè jókòó. Ọ̀wọ̀ náà ló ń pa mí. Ká ní wọ́n ń bú mi ni, n bá mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bú. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, wọ́n á ní, “Ìyá, ẹ máa lọ sí ulé yín o, ọkọ yín á ti máa retí yín.” Èmi náà á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, n ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi títí ojú mi á fi gbẹ, n ó tún gba ilé ìdáná wọlé. Wọ́n á tún kí mi káàbọ̀.

A lọ sí ọsibítù ní Adó. Dókítà tó rí wa, ọmọdébìnrin kan tí kò dàgbà tó ọ, ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú mi. Ó ní ọpọlọ wọn ló ń gbó ṣáájú ara, pé oògùn tí òun kọ lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá ohun tó ti lọ padà. Ó ní kí bàbá rẹ lọ ya àwòrán inú orí wọn nínú ẹ̀rọ ńlá kan. Mo bẹ ọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ náà pé nígbà tó ti rí inú orí ọkọ mi yẹn, kó bá mi wò ó bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ìyá, a kì í rí ìyẹn nínú rẹ̀. Mo ní kò burú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà ni mo ti rántí iṣẹ́ rẹ. Mo ní bí ọmọ mi bá lè mú irin mọ irin, ó yẹ kí èmi tí mo bí i lè mú ọkọ mọ ìyàwó. Mo jókòó ti bébà, mo kọ tèmi sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni Monínúọlá, Ìjìgbò ní Adó ni wọ́n ti bí mi, aṣọ ni mo ń rán, èmi ni mo ń se oúnjẹ tí ẹ ń jẹ, èmi ni mo bí Akínbọ́lá fún yín. Mo kà á sí wọn létí, mo bi wọ́n pé ṣé ẹ gbà. Wọ́n ní àwọn gbà, pé ọ̀rọ̀ dáadáa ni, kò sí ohun tí èèyàn ń kọ̀ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n sùn, wọ́n jí, mo lọ dúró síwájú wọn. Wọ́n ní ẹ káàsán, ìyá, ta ni ẹ ń wá. Mo ń kà á lójoojúmọ́ títí àwọn náà fi mọ gbogbo rẹ̀ sórí, wọ́n á kà á fún mi láìwo bébà, wọ́n á wá ní obìnrin dáadáa ni Monínúọlá yìí o, ṣé mo mọ̀ ọ́n ni.

Mo wá ronú kan ibi tí o ti ní bí ògbólógbòó bá wà nílé, tuntun kò ní ríbi wọ̀. Mo wo ara ògiri, mo rí fọ́tò ìgbéyàwó wa. Omidan inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ń dán, bàbá rẹ sì máa ń dúró wò ó. Mo ní àṣé ìwọ lò ń dí mi lọ́nà. Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ wá a kiri inú ilé, wọ́n wá a dé inú ilé adìẹ, wọ́n jáde sí títì, wọ́n ń sunkún sí àwọn ọlọ́kadà lọ́rùn pé wọ́n ti jí ìyàwó àwọn gbé. Nígbà tí mo fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé, wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ní ó jọ pé èmi ni mo mọ ibi tó wà. Mo gbé fọ́tò náà jáde, mo tún gbé e kọ́. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá àwọn wá a rí. Mo ń jowú fọ́tò, Akínbọ́lá, èmi ni mo sì wà nínú fọ́tò.

Ìgbà tó rí bẹ́ẹ̀ ni mo gba Adó lọ, mo lọ bá Sìmíátù, ìyá Jùbrílù tó ń ta òwú àti síìpù ní àdúgbò Adébáyọ̀. O mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò rò pé o mọ̀ pé òun ni alárinà wa. Ọmọ Ìyìn níbí ni, ilé wọn kọjú sí ilé bàbá rẹ, èmi àti òun la sì jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Adó, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ wá fún mi, tó sì ń gbé tèmi padà. Wọ́n ní bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀ba, òun náà sì ti yẹ̀ba tipẹ́. Mo ní kó dákun kó padà sáàárín wa, ojú tó mojú ti tún di ojú àjèjì. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ̀lé mi.

Bó ṣe yọ sí bàbá rẹ níwájú ilé, wọ́n pè é ní Sìmíátù. Orúkọ náà jáde lẹ́nu wọn láìkọsẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ó bí mi, mo ní èmi tí mo ń fọ ṣòkòtò wọn ńkọ́, onísíìpù ni wọ́n mọ̀. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n bi í pé ọmọbìnrin Ìjìgbò yẹn ńkọ́, ṣé ó ti fún àwọn lésì. Sìmíátù nawọ́ sí mi, ó ní òun náà ló jókòó tì yín yìí. Wọ́n wò mí dáadáa, kò sí ìkà kankan lójú wọn, wọ́n ní rárá, ìyá àgbà ni èyí, èèyàn dáadáa ni, òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn. Wọ́n ní kí Sìmíátù bá àwọn sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó má gba ẹlòmíràn, pé àwọn ń bọ̀ bí iṣu bá ti ta.

Sìmíátù ń sunkún, ṣùgbọ́n alárinà ni. Ó yíjú sí mi lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí a wà lọ́mọge, ó ní, “Monínúọlá, ó ní kí o má gba ẹlòmíràn.” Mo ní, “Sọ fún un pé mi ò gba ẹlòmíràn.” Ó yíjú sí wọn, ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n bu ẹ̀pà fún èmi ìyá àgbà pé kí n bá àwọn yọ̀. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Sìmíátù padà sí Adó ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n bi mí pé ta ló rán mi.

Ó ti sú mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti gbàdúrà, mo ti gbààwẹ̀, wòlíì ti da omi sí wọn lórí, òtútù nìkan ló mú wọn. Nínú gbogbo àwa ará ilé, ìwọ nìkan ló kù tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ, wọ́n mọ̀ pé Èkó lo wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pè lánàá tí wọ́n pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, tí o rẹ́rìn-ín, kì í ṣe àwàdà o. Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Máa bọ̀ nílé. Má sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ṣáínà tí kò tíì mọ ará ilé, jẹ́ kí wọ́n máa wo ara wọn níbẹ̀, irin ni wọ́n, kì í dùn wọ́n. Wá dúró síwájú bàbá rẹ nígbà tí wọ́n ṣì mọ̀ ọ́, kí o di ọwọ́ mi mú, kí o ní ìyá mi rèé. Bóyá wọ́n á gbà á lẹ́nu rẹ. Bí wọn kò bá sì gbà á, kò ní jẹ́ èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Ní ti owó, fi díẹ̀ ṣáájú ara rẹ, oògùn wọn ti ń tán lọ, òrùlé sì ń jò. Má fi í gba fóònù mi mọ́. Ọmọbìnrin onípíóẹ́sì tí mo lọ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní àṣírí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lójú títì, a sì jọ wo ara wa títí òjò fi lé wa.

Ọlọ́run tó mọ̀ ọ́ kí n tó lóyún rẹ kò ní gbàgbé rẹ. Gbogbo ilé tí o bá wọ̀, wọn yóò mọ̀ ọ́ níbẹ̀. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, o kò sì ní bi aya rẹ pé ta ló rán an. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Monínúọlá.

Mo ti ń ká bébà yìí nígbà tí bàbá rẹ wọlé, wọ́n bi mí pé ta ni mo ń kọ̀wé sí. Mo ní Akínbọ́lá ọmọ mi ni, ní Èkó. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àṣé èmi náà ní Akínbọ́lá, pé àwọn náà ní ọ̀kan ní Èkó níbẹ̀, ọmọ dáadáa ni, ó kàn pẹ́ tó ti wálé ni. Wọ́n ní bí tèmi bá pàdé tiwọn, kó bá àwọn kí i, kó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ń retí rẹ̀. Mo ní n ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo ti jẹ́ ẹ nìyẹn.