Bí Òpó Ọkọ̀ Torea Ṣe Dúró

Ilé Aláwọ̀ Ewé, Ẹ̀bá Omi,
Totara North,
Whangaroa.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2015.

Hinewai ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ jẹgba nílé ìwé, tí a sì jọ sá kúrò níbẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Tèmi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn abà láràárọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jágbe mọ́ ọn, á dákẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọkùnrin rẹ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ṣé ó ti gbé ọmọbìnrin yẹn níyàwó, àbí ó ṣì kàn ń jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ lásán? Mo gbọ́ pé ọ̀dùnkún yín ṣe dáadáa ní Rawhiti lọ́dún yìí. Tiwa níbí, àwọn ẹyẹ pukeko ti fi ìdajì rẹ̀ ṣe àríyá, wọn ò sì pe èmi tó gbìn ín.

Ara mi le. Ohun tó jẹ́ kí n yára kọ̀wé ni pé àbúrò obìnrin Stipe aládùúgbò mi ń gbé nítòsí yín, o sì mọ̀ pé ẹnu Stipe kò ní ilẹ̀kùn. Bí ìtàn ọkọ̀ mi bá ti dé etí rẹ kí ìwé yìí tó dé, jọ̀ọ́ da ìdajì rẹ̀ nù. Ẹnu èmi tí mo ni ọkọ̀ ni kí o ti gbọ́ ọ.

O rántí Torea dáadáa, ọkọ̀ onígbòkun ìbejì, ara méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí èmi àti Paora ọkọ mi fi ọwọ́ ara wa kàn nínú abà yìí nígbà tí Tiria ọmọ wa ṣì wà ní ìkókó. Ìwọ náà bá wa kùn ún, o sì kun ajá wa mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Paora ti kú, èmi nìkan ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bẹ̀rẹ̀, mò ń fi àkísà nu àwọn wáyà tó di òpó ìgbòkun mú, bí mo ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Nísàlẹ̀ wáyà apá òsì, àkísà há. Mo fà á, kò wá. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i pé fọ́nrán wáyà ti já, ó yọ síta ṣóńṣó bí irùngbọ̀n òbúkọ. Mo yẹ àwọn yòókù wò, mo tún rí òmíràn. Kò sí ohun mìíràn tó mú òpó yẹn dúró bí kò ṣe àwọn wáyà wọ̀nyí. Bí ọ̀kan bá já lójú òkun, àti òpó, àti ìgbòkun, àti ẹni tó jókòó sábẹ́ wọn, gbogbo wọn ló máa lọ kí ẹja.

Ẹnu mi ò dúró, mo sọ fún Tiria. Nọ́ọ̀sì ni ní Kaitaia, o mọ̀ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń wo arúgbó. Ó ní, “Màmá, wáyà ọkọ̀ yín ti gbó, ẹ̀yin náà ò sì kéré mọ́. Ọkùnrin ará Auckland yẹn ṣì ń bèèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.”

Mo ní kó kúkú ta èmi náà mọ́ ọn, kí ọkùnrin náà lè kó ẹrù àtijọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

A fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bíi wáyà. Níkẹyìn a ṣe àdéhùn. Èmi á pààrọ̀ gbogbo wáyà náà, lẹ́yìn náà èmi àti òun á jọ wọ Torea yí erékùṣù Motukawanui ká, Sátidé tó kọjá yìí la dá. Bí òpó bá dúró gbọn-in lálọ lábọ̀, kò ní sọ̀rọ̀ títà mọ́ láéláé. Bí ohunkóhun bá já, ìbáà jẹ́ bọ́tìnì ẹ̀wù mi, Torea di ti ará Auckland. Mo gbà, torí mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Stipe ló bá mi ra wáyà tuntun. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ àwọn olówó ló ṣe ní Whangarei kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Ó fẹ́ kí n ra èyí tó ń dán, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Mo kọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́ gan-an ni ti tẹ́lẹ̀ ti já. Mo ní kó ra irú èyí tí àwọn onígẹdú ń lò, kí n fi ọwọ́ ara mi hun ẹnu rẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́ mi ní wáyà híhun nígbà tó ń wọ́ gẹdú nínú igbó, ohun tí mo bá sì ti hun, màlúù ò lè fà á tú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. O rántí pé a ò fi ìṣó kan ara méjèèjì ọkọ̀ yẹn mọ́ra wọn. Okùn la fi dì wọ́n mọ́ àwọn igi ìdábùú, kí oníkálukú lè máa bá ìgbì tirẹ̀ lọ. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá tẹrí ba, èkejì lè máa wo ọ̀run. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọn wáyà, omi ti fà, Torea sì jókòó sórí iyanrìn níwájú ilé mi. Wáyà àtijọ́ ti fà, kò ṣeé fi wọn tuntun, mo bá fa okùn kan lọ sí orí òpó kí n fi í wọn apá òsì àti apá ọ̀tún.

Stipe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Ní sùúrù kí omi gbé e kó o tó wọn nǹkan kan. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”

Mo ní, “Ojú mi méjèèjì ṣì ń ríran. Nígbà tí ọkọ̀ yìí wà ní àwòrán lórí tábìlì ìdáná mi, ibo lo wà?”

Ó ní, “Mo wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi, mò ń jẹun mi ní àlàáfíà.”

Mo wọ̀n ọ́n. Mo gé wáyà. Mo wọ inú abà lọ, mo sì hun ún títí èékánná mi fi dúdú, mo fi òrùka irin sí ojú kọ̀ọ̀kan, ó lẹ́wà débi pé mo fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Nígbà tí omi tún fà, mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ òpó, ó sì bá ara ọkọ̀ mu bí ẹ̀wù ìgbéyàwó. Mo ránṣẹ́ pe Stipe kó wá wò ó. Mi ò mọ̀ pé ìtìjú mi ni mo pè é wá wò. Ó dé pẹ̀lú ẹja yíyan nínú bébà, ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e. Ó ní, “Ó dáa. Jẹ́ kí omi dé.”

Omi dé. Hinewai, ìdí apá òsì ọkọ̀ máa ń jókòó sórí òkìtì kan bí omi bá ti fà, ìdí yẹn sì ga ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí mò ń wọn wáyà. Èmi ò rí òkìtì náà torí pé iyanrìn ti bò ó. Nígbà tí omi gbé ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ìdí apá òsì sọ̀ kalẹ̀ sí ipò rẹ̀, wáyà apá òsì kò gùn tó mọ́, ó sì fa òpó mọ́ra. Mo tú okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó lè dé, òpó ṣì dà bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri. Ti apá ọ̀tún wá dẹ̀, ó ń mì sókè sódò.

Stipe jẹ ẹja rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ripeka, aṣọ wo lo fẹ́ sá sórí tọ̀tún yẹn?”

Mo ní bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

“Bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?”

“Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.”

Ó ká bébà ẹja rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀ ni, Sátidé ń bọ̀, wáyà sì ti tán. Àwọn tó ń tà á ní Whangarei kì í yára fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sí ìdáná, mo ń wo òpó wíwọ́ yẹn lójú fèrèsé, tíì mi tutù. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni mò ń wò. Ibi kan ṣoṣo tí ó kù láyé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi ni. Mo ronú lọ ronú bọ̀. Nígbà tó yá, mo dìde, mo po ìyẹ̀fun, mo din búrẹ́dì, mo bò ó, mo gbé e lọ sílé Stipe.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo àwo, ó wò mí. “Búrẹ́dì díndín, lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sọ́ńdè. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ṣàṣìṣe?”

Mo ní kó jẹ ẹ́ kó tó tutù.

“Màá jẹ ẹ́. Ta ló ṣàṣìṣe?”

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi ju òpó lọ. Mo ní, “Òkìtì ìkarahun ni. Ó wà lábẹ́ apá òsì.”

“Ta ló da ìkarahun síbẹ̀?”

Ìwọ náà mọ ẹni tó máa ń jókòó síbẹ̀ jẹ ẹran inú ìkarahun láti ọjọ́ yìí wá, tó sì ń da èèpo rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ní, “Èmi ni.”

“Ó tán,” ni Stipe wí. Ó wọlé lọ, ó sì yí ìdì wáyà tuntun kan jáde láti ẹ̀yìn àga. Ó ní, “Nígbà tí mò ń ra tìẹ, mo ra kún un. Mo ti mọ̀ ẹ́ látìgbà tó o ti ń bá ewúrẹ́ bàbá mi jà.” Mo wá ìbínú nínú ara mi, n kò rí i.

Nígbà tí omi kún tó sì dákẹ́ rọ́rọ́, tí ọkọ̀ léfòó bó ṣe yẹ, a tún un wọ̀n. Stipe di ìdí okùn mú, ó kàn ń kọrin jẹ́jẹ́ nímú, èyí sì burú ju èébú lọ. Mo hun ti apá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, òpó dúró ṣánṣán bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Stipe ní òun fẹ́ bá wa lọ lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó jókòó sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló mú òpó náà dúró.

Tiria dé pẹ̀lú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjì, ọ̀kan fún èmi náà. Mo wọ̀ ọ́, kí àlàáfíà lè jọba. A gba ẹnu èbúté jáde, afẹ́fẹ́ dára. Kò pẹ́ tí Tiria nawọ́ sí wáyà apá kejì afẹ́fẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ wò ó, ó ti ń dẹ̀.”

Mo ní, “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń kọlù ló ń ṣiṣẹ́, èkejì ń sinmi. O ti gbàgbé gbogbo ohun tí bàbá ẹ kọ́ ẹ.”

Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn Motukawanui, níbi tí òkè ti máa ń da afẹ́fẹ́ jọ, èmi wà níwájú ọkọ̀ tí mò ń dín ìgbòkun kù, orúnkún mi sì yan àkókò yẹn láti le gan-an, n kò lè dìde. Afẹ́fẹ́ òjijì bá wa níbẹ̀. Torea fò síwájú, wáyà tuntun sì dún kàù, bó ṣe máa ń dún nígbà tí ohun tí a hun bá ń jókòó sínú ara rẹ̀. Tiria ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí i tó ń wo òpó, ojú rẹ̀ funfun, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, “Má wo òpó. Òpó wà lọ́rùn mi. Wo ojú omi.”

Ó wo ojú omi. Ó darí ọkọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ yẹn kọjá, bó ti ń ṣe nígbà tó ṣì kéré tó ń di irun sí méjì. Mo jókòó sórí àwọ̀n tí a ta níwájú láàárín ara ọkọ̀ méjèèjì, mo di wáyà apá òsì mú, mo gbọ́ bó ṣe ń kọrin lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tó já. Bọ́tìnì ẹ̀wù mi náà pé.

Nígbà tí a padà dé ẹnu èbúté, mo ti ń ronú ohun tí màá fi Stipe ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi bí ọkọ̀ ṣe yí padà, ó kọrí sí òkun. Mo bi Tiria pé níbo là ń lọ.

Ó ní, “Ẹ jókòó, Màmá. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.”

Ìgbà tí a délé, ó pe ará Auckland lórí fóònù nínú ìdáná mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, ọkọ̀ yẹn ti lẹ́ni.” Mo bi í pé ta ni ẹni náà. Ó ní àwa méjèèjì ni, pé kí èmi máa tọ́jú wáyà, òun á máa di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú. Hinewai, o ò rí nǹkan. Ẹni tó fẹ́ tà á níjọ́sí ló ń sọ fún mi ibi tí mo máa jókòó sí. Mo borí, mo sì pàdánù ìjókòó mi, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí kò gbọ́n.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí àwọn ọmọ náà. Bí àbúrò Stipe bá ti fi èyí tirẹ̀ dá ọ lẹ́rìn-ín, sọ fún un pé ìwọ ti gbọ́ èyí tó pé.

Lọ́dún Àjíǹde, bí afẹ́fẹ́ bá gbà fún wa, wo ìta láàárọ̀. Bí o bá rí ìgbòkun pupa rúsúrúsú tó ń gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù bọ̀, tí òpó rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, gbé kẹ́tùrù kaná, ìwọ la wá gbé. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, kí a tó dé, kó gbogbo ìkarahun kúrò létíkun yín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ olórí kunkun tí kò tíì yí padà,
Ripeka.