Ọwọ́ Òsì Tí Mo Nà sí Dókítà

                                        Ilé Bàrúwà,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà, Ìlárá,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́yìsetán, ẹni ọ̀wọ́n tí wọ́n ti ibodè mọ́ mi lójú,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le ní Kétu? Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń fi Faransé sunkún? Àwa náà wà. Àwọn aṣọ́bodè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tú ìkòkò ọbẹ̀ wò. Mo ti mọ ọ̀gá wọn sín jẹ. Lánàá, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo ní, "Ìwọ! Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀!" Bàbá Bàrúwà ju ìdì igi sílẹ̀, wọ́n kọrí sígbó.

Eré yẹn náà ló fẹ́ pa mí. Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá inú mi ń wú, wọ́n sì fún mi lóògùn tó sọ ojú mi di búrẹ́dì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iná àìsàn náà ṣì ń jó nínú ara. Lóṣù yìí, àbájáde rẹ̀ dára. Màmá wa jó! Ní ọsibítù, wọ́n ní ká jáwọ́ nínú oògùn.

Èmi mọ̀ pé kò tíì tán. Bí mo bá gbé apá òsì sókè láti dirun, kíá ló ń kú, á tutù bí ẹja inú firísà. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní, "Ta lò ń sín jẹ lónìí?" Mo sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀rọ̀, kí n panu mọ́.

Èmi ò panu mọ́ o. Dókítà obìnrin kan tó ti hewú ní kí n na ọwọ́, kí àwọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọjọ́ yìí, ọ̀tún ni mo ń nà. Ta ló ń na òsì sí àgbà? Lọ́jọ́ náà, mo na òsì gbọnrangandan. Màmá pariwo, "Toheebat! Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Wọ́n gbá mi léjìká. N ò gbé e kúrò. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, òsì lẹ máa wọ̀n."

Dókítà wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n fìka wá ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti máa lù ní ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n wá a tì. Wọ́n wọn ọ̀tún, ó ń lù kìkì. Ni wọ́n bá yíjú sí Màmá: "Ìyá Toheebat, èéfín là ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Oògùn ti lé èéfín lọ, iná ṣì ń jó lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sín èyí jẹ."

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n fi kún oògùn mi, a ó sì lọ ya àwòrán iṣan náà l'Abẹ́òkúta. Kí ojú mi wú bó bá ṣe fẹ́, n ò ní jẹ́ kí apá mi kú lójú mi. Màmá ò bẹ̀ mí o, ṣùgbọ́n àwọn ló ń dirun fún mi báyìí.

Ẹ bá mi kí Ayọ̀bámi ọkọ yín. Ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà inú igbó ló ń mú ìwé yìí bọ̀. Ẹ má bi í lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ibodè, ọwọ́ òsì ni n ó fi kí yín. Ẹ dì í mú dáadáa, kí ẹ bá mi wò ó bóyá ó ti ń lù.

                                        Èmi ni tiyín, tọ̀tún tòsì,
                                        Toheebat.