Iná Tí Ẹ Ní Kí N Gbé Wá

Bàbá mi, Káfíńtà Amadi-Ama ní Port Harcourt,

Èmi ọmọ yín kan ṣoṣo ni mo ń kọ̀wé yìí. Yorùbá tí mo fi ń kọ ọ́ lè yà yín lẹ́nu, nítorí nígbà tí ẹ wà láyé, Píjìn ni mo fi ń dá yín lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ẹ máa ń pè mí pé kí n wá jókòó kí ẹ kọ́ mi ní èdè Ìjẹ̀ṣà. Pẹ́ńsùlù yín á wà lẹ́yìn etí, ẹ á fẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lójú tíì yín kí ẹ tó mu ún. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo máa ń wí? “Papa, dat one na bush talk.” Ẹ á kàn rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí báyìí pé ẹ ò bínú sí mi rí.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àlejò bíi tiwa, tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, máa lọ sí ìlú wọn kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ikọ́ ti mú yín mọ́lẹ̀, ẹ ò lè rìnrìn àjò. Obìnrin Ikwere tó ni ilé wa ló dúró fún wa. Ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé ará ilé òun ni wá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wá. Ibẹ̀ la wà tí òjò ọdún ogun fi dé.

Ọ̀sán ni ọjọ́ náà. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ẹ ti dákẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ sì lanu, ẹ ò sọ Píjìn, ẹ ò sì sọ Yorùbá díẹ̀ tí mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo rí mú nínú rẹ̀: “Uná. Uná.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú Píjìn Port Harcourt, bí ènìyàn bá ní “una”, “ẹ̀yin” ló ń wí. Mo rò pé ẹ ń pe gbogbo wa. Mo sáré pe onílé, mo pe àwọn ọmọ rẹ̀, mo pe apẹja tó ń gbé yàrá kejì. A yí bẹ́ẹ̀dì yín ká.

“Papa, we don come,” ni mo wí.

Ẹ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wí i, ohùn yín ti lọ sílẹ̀. Mo mi orí pé mo ti gbọ́. Ẹ kọjú sí ògiri, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti lọ.

Fún bí ọdún kan, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé ẹ pè wá jọ kí ẹ tó lọ.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ gba ìlú, obìnrin kan tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà wá, ó gba yàrá tí apẹja fi sílẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́ ni, ará Ìjẹ̀ṣà bíi tiyín. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó mú àpáàdì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní kí n fún òun ní uná. Mo bi í pé àwọn ta ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ààrò mi.

“Uná! Iná ni mò ń wí. Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?”

Mo kó ẹ̀yinná sínú àpáàdì rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Òtútù ló ń mú yín, Bàbá. Ìkòkò iná ni ẹ ní kí n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, èmi wá kó èrò bá yín. Ṣé ẹ rò pé mo gbọ́, tí mo sì kọ̀ ni?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kí Ìyá Àdùkẹ́ máa kọ́ mi.

Mo ti ríṣẹ́ nígbà yẹn ní ilé ìwòsàn kan, mò ń nu ilẹ̀, mò ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó jẹ́ ti ìjọ Àgùdà, Sístà Brígídì, ló ń darí wa. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìrànrán ló ń ṣe, ká jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún wí: “Íṣíkẹ́, íṣíkẹ́.” Mi ò mi orí lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì hàn án, ó kàn ń wò mí. Mo ṣí fèrèsé. Mo fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Mo wá bu omi sínú kọ́ọ̀bù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó mu ún tán. Mo bú sẹ́kún débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé Sístà ti kú.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé omi ni òun ń bèèrè. Mo sọ tiyín fún un. Ó wá sọ̀rọ̀ abúlé rẹ̀ fún mi. Etí òkun ni, ní Ayàláǹdì, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, tí wọ́n ń fi ewéko òkun ṣe ajílẹ̀ oko ọ̀dùnkún. Áíríṣì, èdè ìbílẹ̀ wọn, ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ tàgbàtèwe; ó ní ajá wọn pàápàá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó lọ sílé ìwé ní ìlú ńlá, àwọn ọmọbìnrin yòókù ń fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ wá wò ó, ó dá ìyá náà lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì níwájú wọn.

“Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀,” ni Sístà wí. “Ó rẹ́rìn-ín sí mi bíi pé àlejò ni mí.”

Ogun ti parí báyìí, Bàbá. Wọ́n ti dá àwọn òyìnbó ìjọ padà sílé, Sístà sì bá wọn lọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ṣì wà ní abúlé náà, òun á bá a sọ Áíríṣì títí ẹnu á fi ro òun.

Ọ̀nà ti là, àbúrò yín obìnrin sì ti ránṣẹ́ pé kí n wá sílé, sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìyá Àdùkẹ́ ní ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn. Ó ní kí n sọ pé ẹ súre fún gbogbo wọn, pé ohun tí gbogbo ayé ń wí nìyẹn. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Mi ò ní purọ́. Màá kúnlẹ̀, màá sọ fún wọn ní èdè yín pé òtútù mú yín, pé ẹ ní kí n gbé iná wá, mi ò sì gbọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú. Ọ̀rọ̀ yòówù tí wọ́n bá sọ sí mi, màá gbọ́ ọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.