Sẹ́ńsọ̀ Ara Mọ́tò Jàǹbá

Taoheed, má fọwọ́ kan mọ́tò yẹn o. Mo ń lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun ní ọjà Ládípọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ara sàlẹ́ńsà ló bà jẹ́, òun ló jẹ́ kó máa mu epo bí omi. Mẹkáníìkì yọ òmíràn lára mọ́tò jàǹbá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi sí tiwa, iná ìkìlọ̀ orí dáṣíbọ́ọ̀dù sì kú. Àfi bí mo ṣe yọjú wo mọ́tò ọ̀hún: tẹ̀sùbáà Màámi ṣì so mọ́ díńgí rẹ̀. Mọ́tò tí Ẹ̀gbọ́n wa Sàlíhù wà nínú rẹ̀ nígbà jàǹbá tó pa á ni. Mo kàn wa tiwa wálé.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe dún lẹ́nu géètì, Màámi pariwo láti yàrá: "Sàlíhù, o ti dé?"

Mo pa mọ́tò, mo sì kọ ìwé yìí sílẹ̀ fún ọ. Wọlé lọ bá a.

Sìmíátù