Ọkùnrin Inú Ìwé Rẹ Tí Kò Padà Wálé

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀,
Oṣù Kẹjọ, 1979.

Jìbírílù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Kàdúná. Ẹsẹ̀ Ìyá ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Òjò ti pọ̀ jù, kòkó ń dúdú lórí igi.

Ìwé ìtàn tí o kọ dé ọwọ́ wa, mo sì kà á sí Ìyá létí. Nígbà tó parí láìsọ ibi tí ọkùnrin inú rẹ̀ tó kúrò nílé yẹn wọlẹ̀ sí, inú bí mi. Mo ní n ó kọ̀wé sí ọ pé kí o sọ ọ́ fún wa. Ìyá ní, “Àbẹ̀ẹ́bí, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti lè sọ ọ́, a ó ní láti ṣe fìdáù fún bàbá yín.”

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti wọ mọ́tò Bìní tí a ò rí wọn mọ́, ìwọ náà mọ̀ pé Ìyá ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe àdúrà òkú fún wọn. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣebí ìtàn lásán lo kọ? Ó wù mí kí n mọ òpin rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Bí o bá kọ ọ́, má jẹ́ kó dé ọwọ́ Ìyá.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ìyá ní bí o bá ń bọ̀ ní Iléyá, kí o ra fìlà kan wá fún Bàbá. Kòkòrò ti jẹ èyí tó wà nílé.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbẹ̀ẹ́bí