Ọmọ Tí A Wọ̀n Tòun Ti Súwẹ́tà

                                        Yàrá Òṣùwọ̀n,
                                        Ilé Ìtọ́jú Ìyá àti Ọmọ,
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Alábẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú ìjìnnà, o sì kú ìfaradà èmi tí kì í fèsì lẹ́tà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ará ilé ńkọ́? Àwa náà ń mí níbí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí o máa ń gún lábẹ́rẹ́ rí mi lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá, irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu, ó ní kí n bá òun kí ìyá tó burú yẹn. Mo ti jíṣẹ́ o.

Mo mọ̀ pé bí o bá ti rí i tí mo ń ṣàwàdà báyìí, wàá ti fura pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ó wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ àbúrò mi aránṣọ ni, Jẹ́jẹ́. Ìwọ gan-an lo fún un lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ tí o gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ké, tó kàn ń wò ọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, olùkọ́ tuntun kan fà á lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì àwọn jẹ́lé-ó-sinmi, ó rò pé ọmọ náà ṣìnà ni. Jẹ́jẹ́ jókòó síbẹ̀ títí di àsìkò oúnjẹ, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí àbúrò mi gbọ́, ó gbéra pé òun ń lọ bá olùkọ́ jà. Ó dé ẹnu géètì, ó rí ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ga dé èjìká wọn, ìjà sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ìwé pàápàá kò wọ̀ ọ́ lórí, kíláàsì kìíní ló ṣì ń tún kà.

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà wa tuntun, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, àmọ́ tí orí rẹ̀ pé. Ó yẹ ọmọ náà wò látòkè délẹ̀, ó ní kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Inú wa dùn. Ó wá béèrè ohun tó ń jẹ kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Àbúrò mi ní tíì ni, pẹ̀lú bísíkíìtì tí wọ́n rì sínú rẹ̀. Ilé ìránṣọ ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó ń jáde láàárọ̀, ó ń wọlé nírọ̀lẹ́, ìyá tó ń bá a tọ́jú ọmọ sì ní tíì náà ń yó o, kì í ké. Gbogbo wa la ń yìn ín pé ọmọ dáadáa ni, kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Dókítà ní ọmọ tí oúnjẹ gidi kò dé ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ń ṣọ́ agbára ná ni. Ó ní ohun tí egungun àti ọpọlọ kò bá rí gbà lọ́dún méjì àkọ́kọ́ yẹn, ó ṣòro kí wọ́n tó rí i gbà mọ́. Bí wọ́n bá sì wá ń ki oúnjẹ sí i lẹ́nu báyìí, ọ̀rá ló máa kó jọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè dúró dè é lọ́jọ́ iwájú.

Ó wá ṣí káàdì òṣùwọ̀n rẹ̀ àtijọ́. Gbogbo àmì orí rẹ̀ ló bọ́ sínú àwọ̀ ewé, bíi ti ọmọ tó ń jẹun dáadáa. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kò yé òun. Ó yé èmi. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Ṣebí o rántí bí a ṣe ń ṣe é. Láti aago méje ni àwọn ìyá ti ń tò. Wọ́n á bọ́ ọmọ síhòòhò, a óò gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n nínú ṣòkòtò tó so mọ́ ọn yẹn, a óò kọ iye kílò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ jókòó níwájú ìyá àgbà orí bẹ́ǹṣì, tó máa ń bi wọ́n pé kí ni ọmọ jẹ lánàá, tí kì í gba "ó jẹun dáadáa" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi kò tò rí. Ọ̀gá rẹ̀ kì í fún un láyè, ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni mo ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tòun ti súwẹ́tà, tòun ti ìbọ̀sẹ̀, tòun ti ìlédìí tó ti tutù, mo ń gbé e kọ́, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń dá a padà fún un. Àwọn tó ń tò á máa kùn, èmi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tilẹ̀ ń fi ṣe fújà pé èèyàn tèmi kì í tò. Ẹni burúkú ni mí, Alábẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ oore ni mo pe ohun tí mo ń ṣe.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn, mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ súwẹ́tà náà ká sókè, mo rí bí apá ọmọ náà ṣe gbẹ. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tí mo rí. Èrò pọ̀ níta, mo fa ọwọ́ súwẹ́tà náà sílẹ̀, mo ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀ màá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ni mo tó sọ ọ́.

Ohun tó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé àbúrò mi kò gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́. Ẹyin ni, ẹran ni, wàrà ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ọmọ á máa jẹ, omijé á máa bọ́ sínú àwo. Ikùn rẹ̀ ti ń yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó wà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń wá kí n fi pákó wọ̀n bó ṣe ga tó, tí mo bá sì ti kà á, àbúrò mi á ní kí n tún un kà, bóyá ojú mi ló ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, àmọ́ mi ò lẹ́nu láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí i pé Jẹ́jẹ́ ń gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀ lórí pákó, kí inú ìyá rẹ̀ lè dùn. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹkún fẹ́ pa mí, irú irọ́ tí mo fi káàdì pa lọmọ náà tún ń fi ẹsẹ̀ pa.

Mo ní kó lọ ṣeré níta, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi, láti ojú fèrèsé dé orí apá tí mo rí. Mo ń retí kó bú mi, ì bá dára kó bú mi. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n tò."

Ó mú bàtà ọmọ rẹ̀, ó jáde. Wọn ò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí gbogbo ilé. Má fi lẹ́tà tù mí nínú, kò sí ohun tó máa tù níbẹ̀. Aago méje òwúrọ̀ ọ̀la, àwọn ìyá á ti tò dé ẹnu ọ̀nà, èmi náà ni wọ́n sì máa gbé ọmọ wọn lé lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Ìyá Òṣùwọ̀n.